Ọkàn Tó Ń Lù Jẹ́jẹ́

Ohun tó máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú London ni pé oúnjẹ kọ́ la fi máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ wá nítorí pé kò jẹun mọ́, wọ́n sì ń retí pé abọ́ la ó gbé síwájú rẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, a ní kó dùbúlẹ̀, a lẹ okùn ECG, ẹ̀rọ tó ń ya lílù ọkàn sórí pépà, mọ́ ọn láyà, lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. A wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀, a tún wọ̀n ọ́n ní ìdúró, a sì gba ẹ̀jẹ̀. Bàbá kan bi mí bóyá fáìlì ọmọ ọlọ́mọ ni mo gbé, torí pé ọmọ tòun kò ní àrùn ọkàn. Mo ní, "Ẹ má bínú sà. Fáìlì ọmọ yín ni. Ọkàn rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mọ bó ṣe wà."

Àìsàn tí wọ́n ń pè ní anorexia nervosa kì í ṣe àìríjẹ. Àwọn àgbà wa ní bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí àìsàn yìí bá wọ̀, ọbẹ̀ wà nínú ìkòkò, owó wà lápò, síbẹ̀ ọmọ ń gbẹ. Ẹ̀rù pé òun yóò sanra ló dè é mọ́lẹ̀. Bó ti wù kó rù tó, ẹni tó tóbi jù ló ń rí nínú dígí. Àwọn ọmọbìnrin ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, àmọ́ mo ti tọ́jú ọmọkùnrin, mo sì ti tọ́jú abiyamọ tó ti lé lógójì ọdún. Àìsàn náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1689, Richard Morton tó jẹ́ dókítà ní London kọ̀wé nípa ọmọbìnrin kan tó gbẹ láìsí ikọ́, láìsí ibà. Oògùn sú ọmọ náà, ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó dákú, ó sì gba ibẹ̀ kú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn yẹn, ìdákú yẹn ni mo dúró lé lórí. William Gull ti ilé ìwòsàn Guy's ló wá fún àìsàn náà lórúkọ tó ń jẹ́ títí dòní, ní 1873. Dókítà Ọbabìnrin Victoria ni, ó sì lójú àkíyèsí: ó ka lílù ọkàn àwọn ọmọbìnrin náà, ó rí i pé ó falẹ̀, ó sì yà á lẹ́nu pé ẹni tó rù tó bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ fìdí kalẹ̀ síbì kan.

Bí ara kò bá rí oúnjẹ jẹ, ara rẹ̀ ni yóò máa jẹ. Yóò jẹ ọ̀rá, yóò sì jẹ ẹran. Ẹran sì ni ọkàn. Ebi kì í yà á sọ́tọ̀. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, ògiri yàrá apá òsì ọkàn, èyí tó ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri, á máa fẹ́lẹ́ sí i, ọkàn fúnra rẹ̀ á máa kéré sí i, ẹ̀jẹ̀ tó ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan á sì máa dín kù. Nígbà kan náà ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í ṣún agbára lò, bí ilé tí epo jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀, tí wọ́n ń pa iná yàrá kọ̀ọ̀kan. Nǹkan oṣù dáwọ́ dúró, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ di tútù, irun ń re, oúnjẹ díẹ̀ tó bá wọlé ń pẹ́ nínú ikùn. Iṣan kan wà tó ti ọpọlọ sọ̀kalẹ̀ wá sínú ọkàn, vagus lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń kìlọ̀ fún ọkàn pé kó rọra.

Ọkàn àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le máa ń lù láàárín 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan bó bá jókòó jẹ́ẹ́. Ní wọ́ọ̀dù wa, ní ọ̀gànjọ́ òru, mọ́nítọ̀ lè fi 40 hàn, ó lè fi 36 hàn, a sì ti rí èyí tó kéré sí bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tuntun á sáré lọ jí ọmọ náà. Kó tó lajú tán, ọkàn ti fò dé 70, áláàmù ti dákẹ́, nọ́ọ̀sì á sì máa wo ẹ̀rọ bíi pé ẹ̀rọ ló ń purọ́. Ẹ̀rọ kò purọ́. Ojú oorun ni irú ọkàn yìí ti máa ń fi ara rẹ̀ hàn, ìdí nìyẹn tí n kì í fi gba nọ́ḿbà ọ̀sán gbọ́ tán.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù pé ebi ló ń ṣe èyí, pé kì í ṣe ìwà ọmọ, ti Amẹ́ríkà wá. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí lọ, láàárín 1944 sí 1945, ọkùnrin 36 tí ẹ̀rí ọkàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbé ìbọn fi ara wọn sílẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota kí Ancel Keys fi ebi dán wọn wò. Ọ̀sẹ̀ 24 ni wọ́n fi ń jẹ nǹkan bí ìdajì oúnjẹ wọn. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn ló lọ. Ọkàn wọn falẹ̀, ó sì kéré sí i. Òòyì ń kọ́ wọn bí wọ́n bá dìde. Òtútù ń mú wọn nígbà tí ara àwọn ẹlòmíì ń móoru. Oúnjẹ ni wọ́n ń rò tọ̀sán-tòru, àní àwọn kan ń ka ìwé oúnjẹ sísè bí ẹni ń ka ìtàn. Ọkùnrin alágbára ni wọ́n, kò sì sí èyí tó ń bẹ̀rù sísanra nínú wọn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn òbí tó ti bá ọmọ jà títí tí ọ̀fun wọn fi ha, nítorí púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní oríkunkun, ebi ló ń fi ẹnu ọmọ sọ̀rọ̀.

Eré sísá ló máa ń da ọ̀rọ̀ rú jù. Àwọn ọmọ wa kì í jókòó. Wọ́n ń sáré kí ilẹ̀ tó mọ́, ìdúró ni wọ́n fi ń kàwé, wọ́n ń gun àtẹ̀gùn láìnídìí. Bí dókítà bá wá rí 44 lórí pépà, ìyá á ní, "Ṣebí eléré ìje ni," dókítà tó ń kánjú á sì gbà bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ọkàn àwọn tó ń sá eré ọlọ́nà jíjìn máa ń rọra lù. Ṣùgbọ́n ọkàn tiwọn tóbi, ògiri rẹ̀ nípọn, ẹ̀jẹ̀ tó ń tì lẹ́ẹ̀kan pọ̀ débi pé kò ní láti lù lálùjù. Ọkàn ẹni tí ebi ń pa kéré, ó fẹ́lẹ́, ìṣẹ́ ló jẹ́ kó rọra. Ohun tí mo fi ń mọ̀yàtọ̀ kò gba owó. Mo ní kí ọmọ dìde, kó rìn dé òpin wọ́ọ̀dù, kó padà. Ọkàn eléré á gòkè díẹ̀, á sì tún rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ti ọmọ wa lè fò láti 44 kọjá 100 nítorí ìrìn tí ọmọ jẹ́léósinmi ń rìn. Lẹ́yìn náà, màá ní kó lóṣòó, kó sì dìde láìfọwọ́ ti orúnkún tàbí àga. Ẹni tó ń sáré kìlómítà márùn-ún láàárọ̀ tí kò lè dìde láti orí ìlóṣòó, ẹran itan rẹ̀ ti lọ, ó sì yẹ kí a béèrè ibi tí ẹran ọkàn rẹ̀ dé.

Ìwé ìtọ́sọ́nà tí Royal College of Psychiatrists gbé jáde ní 2022, èyí tí gbogbo wa ń pè ní MEED, ní kí a ka lílù ọkàn tí kò tó 40 sí ewu ńlá. Ìwé tó wúlò ni. Ohun tó dára jù nínú rẹ̀ lójú tèmi ni bó ṣe ní ká kó gbogbo àmì pọ̀ wò, ká má ṣe dúró lé nọ́ḿbà kan ṣoṣo, pàápàá ìwọ̀n ara. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara yìí ná. Ní oṣù kẹjọ 2006, Luisel Ramos, ọmọ ọdún 22 tó ń fi aṣọ hàn, kú ní Montevideo ní orílẹ̀-èdè Uruguay lọ́jọ́ ìfihàn aṣọ; ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ń ṣètò ìfihàn aṣọ Madrid fòfin de ẹnikẹ́ni tí ìwọ̀n ara rẹ̀ sí gíga rẹ̀, ìyẹn BMI, kò bá tó 18. Ó dára, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kò lójú inú. Ọmọ tó sanra tẹ́lẹ̀, tó wá fi oṣù díẹ̀ sọ kílò 25 nù, ara rẹ̀ ṣì lè kún lójú ẹni tó ń wò ó kí ọkàn rẹ̀ sì ti máa lù ní 42. Bí ìwọ̀n ṣe yára lọ tó àti bí èyí tó lọ ṣe pọ̀ tó ni ọkàn ń kà. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kí kú oríire, "O ti fit o!", títí wọ́n á fi dákú ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nǹkan mìíràn tún ń ṣẹlẹ̀ sí ọkàn yìí tí n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn inú ọkàn lè máa fì sẹ́yìn, torí pé yàrá tó yí i ká ti kéré jù fún un. Omi sì lè sun sínú àpò tó bo ọkàn. Ẹ̀rù máa ń ba òbí bí wọ́n bá gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n nǹkan méjèèjì kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀, wọ́n sì máa ń lọ bí ìwọ̀n ara bá padà.

Àwọn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń mú kí n tẹjú mọ́ mọ́nítọ̀. Potassium wà lára ohun tó ń darí iná tó ń mú ọkàn lù. Ẹni tó bá ń ti ìka bọ ọ̀fun kó lè bì, tàbí tó ń lo oògùn ìgbẹ́ nílòkulò, ń ṣòfò rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí potassium bá wá lọ sílẹ̀ tán, àkókò tí ọkàn fi ń múra sílẹ̀ fún lílù tó kàn, èyí tí à ń pè ní QT lórí pépà ECG, lè gùn jù, ọkàn á sì ṣì lù: á máa gbọ̀n láìti ẹ̀jẹ̀ síbì kan. Nígbà kan, wọ́n máa ń sọ pé anorexia fúnra rẹ̀ ló ń fa QT gùn. Ohun tí iṣẹ́ ti kọ́ wa ni pé bó bá gùn, ká wá ẹlẹ́bi mìíràn: potassium, magnesium, tàbí oògùn tí dókítà kan kọ fún un láìbéèrè. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó dáa kò sì túmọ̀ sí pé ewu ti kọjá. Ara á máa yá potassium láti inú ẹran kó lè tọ́jú ti ẹ̀jẹ̀, títí tí kò fi ní sí ohun tó kù tó lè yá. Àwọn ọmọ náà gbọ́n: òmíràn á mu omi lítà mélòó kan kó tó gun òṣùwọ̀n, sodium rẹ̀ á lọ sílẹ̀, gìrì á sì mú un. Nítorí náà la ṣe ń wọ̀n wọ́n ní òwúrọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tọ̀, pẹ̀lú aṣọ wọ́ọ̀dù tí kò ní àpò.

Àwọn tó dàgbà nígbà tí rédíò ń kọ orin àwọn Carpenter á rántí Karen Carpenter. Ọjọ́ kẹrin oṣù kejì 1983 ló kú, ẹni ọdún 32, lẹ́yìn tó ṣubú nílé àwọn òbí rẹ̀ ní Downey ní California. Ó ti gba ìtọ́jú, ó ti sanra díẹ̀ sí i, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì rò pé ó ti bọ́. Oníwádìí ikú kọ ọ́ pé emetine ló ba ọkàn rẹ̀ jẹ́, anorexia ló sì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Inú ipecac ni emetine wà, omi oògùn tí àwọn òbí Amẹ́ríkà ń fi sílé nígbà náà láti fi mú ọmọ tó gbé májèlé mì bì. Bó bá ń wọ ara léraléra, inú ẹran ọkàn ló ń kó jọ sí. Ní 2003, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà sọ pé kí wọ́n má fi ipecac sílé mọ́. Ikú Karen ló sọ anorexia di ohun tí gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀, ó sì kọ́ àwa tí à ń tọ́jú wọn pé ìgbà tí ìwọ̀n ara bá ń padà, ọkàn ṣì wà nínú ewu.

Ìyẹn mú mi dé ibi tí èmi àti àwọn ìyá Yorùbá ti máa ń forí gbárí. Wọ́n á dé pẹ̀lú kúlà: jọ́lọ́ọ̀fù, iyán, ẹ̀gúsí tó ní ẹja gbígbẹ àti pọ̀nmọ́. "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ó ti gbà láti jẹun lónìí! Ẹ jẹ́ kó jẹ àjẹyó kó tó yí ọkàn padà." Ojú wọn á korò bí mo bá ní ká gbé e sẹ́yìn. Kò sí ohun tó le fún ọmọ Yorùbá láti sọ fún ìyá ọlọ́mọ ju pé kó má bu oúnjẹ.

Mo máa ń jókòó tì wọ́n, kí n ṣàlàyé. Ọmọ tí kò jẹun fún ìgbà pípẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní phosphate mọ́ nínú ara, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ẹ̀jẹ̀ ṣì lè dára lórí pépà. Bí oúnjẹ ńlá bá wọlé lójijì, pàápàá oúnjẹ onítáàṣì, insulin á ru sókè, á sì kó phosphate, potassium àti magnesium kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ara. Ẹran ọkàn kò lè ṣiṣẹ́ láìsí phosphate. Ara á tún bẹ̀rẹ̀ sí í di omi àti iyọ̀ mú, ọkàn kékeré yẹn á sì rí ẹrù tí kò lè gbé: ẹsẹ̀ á wú, mímí á le, ìlù á dàrú. Nígbà tí ogun 1945 parí, ọ̀pọ̀ àwọn tí ebi ti pa nínú àgọ́ òǹdè kú lẹ́yìn tí oúnjẹ dé ọwọ́ wọn. Nítorí náà la ṣe ń fún àwọn ọmọ wa ní fítámì thiamine ṣáájú, tí à ń gba ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí à ń fi ètò gbé oúnjẹ ga. Ẹ̀rù oúnjẹ àpọ̀jù yìí náà ti pa àwọn kan: wọ́n ń bu oúnjẹ ṣíbí-ṣíbí fún aláìsàn títí tó fi rù ju bó ṣe wọlé lọ. Oúnjẹ tó kéré jù léwu bí èyí tó pọ̀ jù, MEED náà kò sì fi èyí pamọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, bí mo bá wọlé láàárọ̀ tí mo rí ọkàn tó ti wà ní 42 tó wá di 88, inú ìyá á dùn. "Ẹ wò ó, ó ti padà sípò!" Èmi á ti máa wá dókítà. Nínú ara tó ṣì rù bẹ́ẹ̀, ọkàn kò yẹ kó tíì yára. Bó bá yára, á jẹ́ pé kòkòrò àrùn kan ti wọlé, tàbí ẹ̀jẹ̀ ń lọ níbì kan, tàbí ọkàn ti ń rì sínú omi. Mo ti rí dókítà ọ̀dọ́ tó kọ "déédéé" síwájú 88 yẹn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni bó ṣe máa ń pẹ́ tó kí ọmọ tiwa tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé àìsàn òyìnbó ni. Nílé wa, ṣebí ẹni tó sanra là ń kí pé ayé ń yẹ ẹ́. Ààwẹ̀ ló sì ń bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ní òun ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, ìyá á dúpẹ́ pé ọmọ òun fẹ́ràn Ọlọ́run nínú London tó burú báyìí. Ààwẹ̀ parí, ó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ọmọ Mùsùlùmí náà á gba Ràmàdáánì, á fi mẹ́fà ti Ṣàwáálì kún un, á bẹ̀rẹ̀ sí í gba Ajé àti Ọjọ́bọ̀, ó sì mọ̀ dáadáa pé Àlùkùránì yọ aláìsàn sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gbààwẹ̀ ló ń ṣàìsàn, èmi náà ń gbà á. Àmì tí mo máa ń wá ni pé nígbà tí wọ́n bá ń ṣínu, ó wà nínú yàrá rẹ̀.

Àwọn dókítà náà kò ràn wá lọ́wọ́. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2006, wọ́n kọ ìtàn ọmọbìnrin kan fún àwọn oníṣègùn ọpọlọ kà, àwọ̀ ara rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń yí padà. Àwọn tí wọ́n sọ fún pé aláwọ̀ dúdú ni kò fi bẹ́ẹ̀ rí i pé jíjẹun rẹ̀ ní wàhálà nínú. Ní ilẹ̀ Britain níbí, wọ́n á ṣàyẹ̀wò sickle cell, wọ́n á ṣàyẹ̀wò ibà bí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tó jẹ lánàá.

Ìròyìn rere wà. Ọkàn yìí máa ń padà. Bí oúnjẹ bá ń wọlé déédéé, ògiri rẹ̀ á tún nípọn, ìfúnpá á gòkè, lílù rẹ̀ náà á gòkè, ti òru ló sì máa ń gòkè kẹ́yìn. Èyí tí kì í tètè padà ni èrò inú ọmọ, ibẹ̀ sì ni ewu kejì wà: ìwádìí ńlá kan ní 2011 fi hàn pé nínú ẹni márùn-ún tí anorexia bá pa, ọ̀kan fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ ni. Nítorí náà, bí ECG bá ti dára, n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sọ̀yà.

Nígbà tí ọmọ bá ń lọ sílé, lẹ́tà tí à ń kọ sí GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, á sọ iye ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ ECG tó kàn, àti pé kò sí eré sísá ní ilé ìwé títí a ó fi ní ó yá. Màmá kan ka tiẹ̀ tán lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ó yọ gíláàsì lójú. "Ààwẹ̀ oṣù kìíní ń bọ̀, gbogbo ilé la jọ ń gbà á. Ṣé kó gba ti ìdajì ọjọ́?"

Mo ní, "Rárá, mà. Ti ìdajì ọjọ́ náà kò ṣeé ṣe."

"Lọ́dún yìí nìkan?"

"N kò mọ̀, mà. Ẹ jẹ́ ká wo ọkàn rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Lọ́dún yìí, bí ẹ̀yin bá ń gbà á, kí ẹnì kan má gbà á, kó lè máa bá a jẹun ọ̀sán."

Ó ronú díẹ̀. Ó ní bàbá rẹ̀ ni kò ní gbà á, ó kúkú ti ń wá àwáwí láti ọdún mẹ́ta.